Omi Tí Bàbá Oníkànga Tọ́ Wò

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí Bàbá Àgbà kú, ẹnu ọ̀nà yàrá wọn ni mo dúró sí nígbà tí Bàbá Ràṣídì, àbúrò bàbá mi, jáde wá bi mí léèrè pé, "Múfú, àwọn àáfà ti dé o. Omi wo la máa fi wẹ Bàbá?" Gbogbo ilé yíjú sí mi. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ kànga wà, èmi náà ni mo ni ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi láàárín èmi àti Bàbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ foríjì mí, ńṣe ni mo bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o. Ẹ̀rín tó jẹ́ kí n di ògiri mú ni. Bàbá Ràṣídì wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé orí ẹ pé báyìí?"

Orí mi pé. Mo mọ omi tí Bàbá fẹ́, nítorí wọ́n ti fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi. Mo máa sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ Bàbá kò ní mọ ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi wọ́n hàn yín.

Kànga ni Bàbá gbẹ́ jẹun láti ìgbà èwe wọn títí ẹ̀yìn wọn fi kọ ìnàró. Láti Sẹ̀kọnà dé Alájùẹ, títí lọ dé Awo, ẹ kò lè rìn jìnnà kí ẹ tó kan kànga tí wọ́n gbẹ́. Bàbá Oníkànga ni gbogbo àdúgbò wa ní Ẹdẹ ń pè wọ́n. Àwọn ló tọ́ mi, nítorí bàbá mi kú nígbà tí mi ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Kò sí ẹni tí mo bá ṣe gbólóhùn asọ̀ tó wọn láyé mi, kò sì sí ẹni tí mo fẹ́ràn tó wọn.

Bí Bàbá bá dé ilé onílé, tí wọ́n gbé omi fún wọn, wọn kì í ṣàdédé mu ún. Wọ́n á bù ú sẹ́nu, wọ́n á di ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á wú, gbogbo wa á sì dákẹ́ títí wọ́n á fi gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀. "Amọ̀ pupa ló wà nísàlẹ̀ eléyìí." "Eléyìí, gbòǹgbò igi kan ti ń rà nítòsí ẹ̀." Ó máa ń ti èmi lójú, ṣùgbọ́n kò ti àwọn.

Èyí tó burú jù nínú ẹ̀ ni ọjọ́ tí a lọ tọrọ ìyàwó mi, Sẹ̀kínà, ní Ìwó. Wọ́n gbé omi tútù fún Bàbá nínú ife tó ń dán. Bàbá tọ́ ọ wò, wọ́n la ojú, wọ́n ní, "Àna mi, nǹkan rọ́bà kan wà nínú kànga yín." Ojú bàbá ìyàwó mi yí padà, èmi sì ń wá ibi tí ilẹ̀ á ti lanu gbé mi mì. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni àna wa pè mí lórí fóònù, tẹ̀rín-tẹ̀rín, pé àwọn fa kànga náà gbẹ, bàtà rọ́bà ọmọdé kan ni àwọn bá nísàlẹ̀. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá. Wọn ò tilẹ̀ gbé orí sókè níbi tí wọ́n ti ń gé èékánná. Wọ́n fi oríkì pè mí bí ìṣe wọn. Wọ́n ní, "Ahọ́n mi kì í parọ́, Àlàó. Ẹnu mi nìkan ló máa ń parọ́."

Nínú gbogbo kànga tí wọ́n gbẹ́, tàárín ilé wa ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ọdún tí wọ́n gbé ìyá bàbá mi níyàwó ni wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sì fi òkúta mọ ẹnu ẹ̀ yí ká. Ọmọ tí a bá bí sílé wa, ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kí àáfà tó pe orúkọ, Bàbá fúnra wọn á fa omi, wọ́n á bù ú sínú abọ́ tánńganran funfun kan tó ní òdòdó létí. Wọ́n á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ti ọmọ-ìka-ọwọ́ wọn bọ̀ ọ́, wọ́n á fi kan ọmọ náà láhọ́n, wọ́n á ní, "Gbà á. Omi ilé rẹ nìyí." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún mi.

Ẹ má wá bi mí bóyá wọ́n ń mu píọ̀wọ́tà. Bí wọ́n bá ń lọ sóde, ike omi wọn á wà nínú àpò agbádá, á máa gbá wọn nítan bí wọ́n ṣe ń rìn. Nígbà kan tí wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù, tí nọ́ọ̀sì na ọ̀rá píọ̀wọ́tà sí wọn kí wọ́n fi lo oògùn, wọ́n gbà á, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n bi ọmọbìnrin náà pé, "Omi tí wọ́n dì mọ́ inú ọ̀rá báyìí, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀?"

Irú bàbá bẹ́ẹ̀ ni mo lọ gbé ẹja òkun wá bá nílé.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Èkó, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹja tí àwọn olówó ń wò nínú pálọ̀. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ wálé, ọ̀gá mi fi àpótí dígí kan ta mí lọ́rẹ, pẹ̀lú ẹja méjì tó pọ́n bí ọsàn, tí ìlà funfun gba ara wọn kọjá. Bàbá yí àpótí náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé o máa jẹ wọ́n ni?"

"Rárá, Bàbá."

"Ṣé o máa tà wọ́n ni?"

"Rárá, Bàbá. A kàn máa ń wò wọ́n ni."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àlejò ni wọ́n nìyẹn." Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á yà ní yàrá mi, wọ́n á dúró síwájú dígí. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àlejò. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Sẹ̀kínà ní òun ò rí ẹni tí Bàbá ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, àti àáfà àgbà pàápàá.

Àwọn tí kò mọ̀ rò pé ẹni tó bá fẹ́ sin ẹja òkun á kàn da iyọ̀ sómi ni. Iyọ̀ kọ́ ni wàhálà. Iyọ̀ ẹja òkun wà lọ́tọ̀, inú ike ló ti ń wá, gbogbo ohun tí ẹja fẹ́ ló sì ti wà nínú ẹ̀ ní ìwọ̀n. Omi tí a máa pò ó mọ́ ni wàhálà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tí kò gbé nǹkan kan dání rárá, nítorí ohun tó bá gbé wá á ba ìwọ̀n náà jẹ́, ewé inú omi á máa jẹ ẹ́, á sanra, á bo dígí, ẹja á sì máa ṣàìsàn. Nígbà tí mo ń ṣàlàyé yìí fún Bàbá, wọ́n nawọ́ sí àárín ilé. "Kànga nìyẹn."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kànga ò lè ṣe é."

"Kànga tèmi?"

Ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ni wọ́n ń rojọ́ fún. "Ẹ bá mi wo ọmọ ọmọ oníkànga. Omi ló ń wá kiri fún ẹja."

Òótọ́ ni, mo wá a kiri. Mo gbé agbada síta gba omi òjò, ìpẹtà páànù bá a wá, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo gbìyànjú píọ̀wọ́tà, èyí tí mo rà lónìí dáa, èyí tí mo rà lọ́la kò dáa, ilé iṣẹ́ kan náà ló sì ṣe méjèèjì. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé omi bátìrì mọ́ ju gbogbo omi lọ. Mo gba ti ríwáyà kan tó ń tún iná mọ́tò ṣe lẹ́bàá ọ̀nà lọ, ó bu kẹ́ẹ̀gì kan fún mi, ó sì gbàgbé láti sọ pé òun ti da ásíìdì mọ́ ọn. Ọlọ́run ló yọ mí. Ó ta sí mi ní ṣòkòtò kí n tó délé, nígbà tí Sẹ̀kínà sì fọ ṣòkòtò náà tán, ihò mẹ́ta ló kù níbẹ̀. Bàbá ti ọwọ́ bọ ihò kan, wọ́n yọ ìka jáde lódì kejì, wọ́n ní, "Omi tó jẹ ṣòkòtò lo fẹ́ fún àlejò mi?"

Ṣé ẹ ń gbọ́ "àlejò mi"? Wọ́n ti gba ẹja lọ́wọ́ mi láìjẹ́ pé mo mọ̀.

Mo ní míta kékeré kan tó dà bíi bírò. Bí a bá tì í bọ omi, á fi nọ́ńbà hàn, nọ́ńbà náà ló ń sọ bí ohun tó yọ́ sínú omi ṣe pọ̀ tó. Lọ́jọ́ kan, Bàbá gbé omi kànga wọn wá fúnra wọn pé kí n wọ̀n ọ́n. Ó lé ní irínwó. Mo wọn píọ̀wọ́tà, ó jẹ́ ọgọ́rin. Mo wá wọn omi tí ọ̀gá mi fi ránṣẹ́ láti Èkó, òdo ló jáde. Kí n tó la ẹnu, Bàbá ti dìde, wọ́n ti na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ wá wò ó o! Kànga mi gba irínwó! Omi tí Àlàó ń gbé gẹ̀gẹ̀, òdo ló gbà!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé òdo gan-an là ń wá. Ta ló fẹ́ gbọ́? Ó tó bí oṣù méjì tí wọ́n fi ń sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí. "Irínwó sí òdo. Ilé ìwé wo ni wọ́n ti ń fún olódo ní ipò kìíní?"

Nígbà tó yá, ọ̀gá mi fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́, ike gígùn mẹ́rin tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Omi ẹ̀rọ ìjọba á gba inú wọn kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, omi tó mọ́ á máa kán tó-tó-tó sínú kẹ́ẹ̀gì, ìyókù á gba ọ̀pá kejì jáde. Ìyókù náà pọ̀ ju èyí tó mọ́ lọ. Bàbá jókòó tì í láti alásàrí títí ìrọ̀lẹ́, wọ́n ń wò ó tìfuratìfura. "Ẹ̀rọ yìí ní ìgbéraga. Ó gba korobá mẹ́rin, ẹyọ kan ló yàn." Lọ́jọ́ kejì mo bá búùtà wọn lẹ́nu ọ̀pá kejì. Omi tí ẹ̀rọ mi kọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá láti ọjọ́ náà, wọ́n sì ń fi ìyókù bomi rin ewúro.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ẹ̀rín ni mo dé yìí. Oyún Sẹ̀kínà ti wọ oṣù kẹsàn-án nígbà náà. Mo lọ sí Èkó fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tí mo dé, inú àpótí dígí ti di àwọ̀ ewé, ẹja méjèèjì wà lókè omi, wọ́n ń la ẹnu pátápátá. Bàbá wà lórí àpótí ìjókòó níwájú wọn, fìlà wọn wà lọ́wọ́ wọn. Mi ò rí Bàbá láìdé fìlà níta yàrá wọn rí.

"Àlàó, èmi ni o," wọ́n ní. "Omi wọn ń lọ sílẹ̀. Mo rò pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Mo fún wọn ní omi ilé, korobá mẹ́ta."

Mi ò lè bínú. Mo pààrọ̀ omi títí di ìrọ̀lẹ́, Bàbá ń bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń sọ fún ẹja pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kú sí mi lọ́rùn." Wọn ò kú. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n mo ti kán oògùn àyẹ̀wò, èyí tó máa ń pọ́n bí ìdọ̀tí bá wà nínú omi, sínú omi àpótí náà, ó pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Mo wá bu omi kànga nìkan sínú ìgò, mo kán an sí i. Ó pọ́n bíi sóbò.

Mo mọ ohun tí àwọ̀ yẹn ń sọ. Ìdọ̀tí ṣalángá ló wọnú omi. Nígbà tí Bàbá gbẹ́ kànga yẹn, igbó ló yí ilé wa ká. Ní báyìí, ilé mẹ́rin ló wà lẹ́yìn ọgbà, kò sì sí èyí tí kò ní ihò tirẹ̀ nílẹ̀. Mo gbé omi náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò kan kí n lè rí i pé mi ò ṣi í ṣe. Obìnrin tó ṣe é wo ìwé, ó wò mí, ó bi mí bóyá a ní ọmọ tuntun nílé. Mo ní ó ń bọ̀ lọ́nà. Ó ní, "Ẹ má fi omi yìí po oúnjẹ ọmọ o. Kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ gbé afẹ́fẹ́ bó ṣe yẹ. Ètè ọmọ lè máa dúdú. Ẹ má sì rò pé ẹ máa sè é. Sísè ò lè mú èyí kúrò."

Ẹ̀kán kan láti ìka Bàbá kò lè ṣe ọmọ mi ní nǹkan, mo mọ̀. Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀kán náà ni mo ń bẹ̀rù. Nílé wa, omi tí Bàbá bá ti fi kan ọmọ láhọ́n ní ọjọ́ orúkọ ti di omi ọmọ náà nìyẹn. Òun ni gbogbo ìyá ilé á máa sè, á máa fi po oúnjẹ, á máa fún un mu lẹ́yìn ìwẹ̀. Ta ló máa gbọ́ tèmi lẹ́yìn tí Bàbá bá ti sọ pé "Omi ilé rẹ nìyí"?

Mo lọ bá wọn. Mo kúnlẹ̀, èmi ọkùnrin, mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, omi kànga wa ti bàjẹ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Oògùn àyẹ̀wò ni, Bàbá. Mo sì tún gbé e lọ sí—"

"Oògùn ẹja?" Wọ́n dìde. "Omi tó tọ́ bàbá ẹ? Tó tọ́ ìwọ náà, tó fún ẹ ní ẹnu tó o fi ń bú u yìí? Ahọ́n mi ò sọ nǹkan kan fún mi. Dìde níwájú mi."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Bí a bá jọ wà ní pálọ̀, Sẹ̀kínà ni wọ́n á kọjú sí. "Ìyàwó, sọ fún ọkọ ẹ pé iná ẹja ẹ̀ ti kú." Sẹ̀kínà á wò mí, á ní, "Bàbá ní iná ẹja ẹ ti kú." Èmi náà á ní, "Sọ fún Bàbá pé mo ti gbọ́." Ní àràárọ̀, wọ́n á fa omi, wọ́n á dúró síbi tí mo ti lè rí wọn, wọ́n á gbé ife kan mu tán, wọ́n á tún bu èkejì, wọ́n á sì gbé "Àlùhámúdù" tó lè dé Sẹ̀kọnà. Inú bí mi, mo sì ń bẹ̀rù. Ohun tó dùn mí jù ni pé wọn ò ya kí àwọn àlejò mọ́.

Láàárín ìjà náà ni Sẹ̀kínà bí obìnrin. Òun àti ọmọ sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀, Ọlọ́run ṣeun. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ orúkọ, mo rí Bàbá tí wọ́n fa omi, tí wọ́n bù ú sínú abọ́ olódòdó, tí wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí wọ́n sì wọlé lọ wọ agbádá. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín, mo ti pinnu ohun tí mo máa ṣe láti ọjọ́ mẹ́ta. Mo da omi náà sí gọ́tà. Mo bu omi ẹ̀rọ mi, èyí tí mi ò tíì fi iyọ̀ sí, mo rọ ọ́ sínú abọ́, mo bò ó. Ẹni tó tọ́ mi dàgbà ni mo ń tàn jẹ báyìí, lójú gbogbo ẹbí.

Àwọn àáfà jókòó. Wọ́n gbé abọ́ dé iwájú Bàbá. Ìgbà tí Bàbá gbé e sẹ́nu ni mo tó rántí bàtà inú kànga àna wa. Kí ló ṣe mí tí mo fi rò pé mo lè fi omi tan Bàbá Oníkànga jẹ?

Wọ́n di ojú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú. Ó pẹ́, ó pẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àáfà àgbà tilẹ̀ wúkọ́. Bàbá gbé e mì. Wọ́n la ojú, èmi gan-an ni wọ́n sì wò. Sẹ̀kínà, tó ti mọ̀, dorí kodò mọ́ ọmọ.

"Ẹ gbọ́ o, gbogbo ẹ̀yin ará ilé mi," Bàbá bẹ̀rẹ̀. "Omi inú abọ́ yìí kì í ṣe omi kànga mi."

Bàbá Ràṣídì na ọrùn wo inú abọ́ náà.

"Omi tí Àlàó fi ń tọ́jú àwọn àlejò ni. Èmi ni mo ní kó bù ú wá." Wọ́n gbé abọ́ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́. "Kànga mi ti bàjẹ́. Igbó ni mo gbẹ́ ẹ sí, ìlú ti bò ó mọ́lẹ̀. Ọmọ mi yìí yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì sọ fún mi. Láti òní lọ, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nílé yìí mu ún mọ́, pàápàá ọmọ ọwọ́."

Wọ́n ti ìka bọ omi, wọ́n fi kan ọmọ mi láhọ́n. Ràbíà, bí àáfà ṣe pè é lẹ́yìn náà, la ẹnu, ó pọ́n ìka náà lá. Bàbá rẹ́rìn-ín. "Gbà á. Omi àlejò ni. Ìwọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Mo sunkún níbẹ̀, ojú ò tì mí. Àwọn èèyàn rò pé ayọ̀ ọmọ ni. Ẹ̀rù tó ti jókòó sí mi láyà láti ọjọ́ tí mo ti rí àwọ̀ sóbò yẹn ló bọ́ kúrò lójijì, ara mi sì fúyẹ́. Ahọ́n Bàbá ti fi omi méjèèjì wéra, ó sì ti sọ òótọ́ fún wọn. Ẹnu wọn ló parọ́ pé àwọn ni wọ́n ní kí n bù ú wá, nítorí tèmi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ra àgádágodo, wọ́n ti ìdérí kànga pa, wọ́n sì ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí mi. Mo rò pé wọ́n á máa ṣàárẹ̀ nítorí ẹ̀. Ó tì o. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè wọ́n kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n ní kí n mú oògùn ẹja wá, kí n wá ọ̀kadà. Odidi oṣù kan la fi ń kiri gbogbo kànga tí wọ́n gbẹ́ tí àwọn èèyàn ṣì ń mu. Bí oògùn bá pọ́n, Bàbá fúnra wọn ló máa pe onílé, tí wọ́n á sọ fún un, wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní Alájùẹ obìnrin kan bú wọn. Wọ́n dúró títí ó fi bú wọn tán, wọ́n tún sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn oko ni ti Awo wà, nígbà tí mo kán oògùn sí i, kò pọ́n rárá. Bàbá gba ìgò náà lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e sí oòrùn. "Ọ̀kan ṣì kù! Àlàó, ó kù!" Wọ́n mu ife mẹ́ta lẹ́sẹ̀ kan náà.

Lórí ọ̀kadà, nígbà tí a ń bọ̀ láti Awo, wọ́n sún mọ́ etí mi látẹ̀yìn. A ò sọ ọ̀rọ̀ abọ́ náà rí. Wọ́n ní, "Ìgbà mìíràn tó o bá máa pààrọ̀ omi mọ́ mi lọ́wọ́, bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Omi ẹ yẹn tẹ́ jù." Mo rẹ́rìn-ín, mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbá mi lórí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe parí.

Wọ́n lo ọdún kan àti díẹ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà yẹn, ó sì dùn. Wọ́n ń gbé Ràbíà jókòó síwájú dígí, wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Wọn ò ṣàìsàn púpọ̀, wọn ò jẹ̀rora. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ, wọ́n kírun àsùbáà, wọ́n yà kí àwọn àlejò, wọ́n padà lọ fara lélẹ̀. Nígbà tí Sẹ̀kínà gbé ẹ̀kọ wọlé, wọ́n ti lọ. Kò sí gbèsè ọ̀rọ̀ láàárín wa. Mo sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀dùn náà ò wúwo, ọkàn mi balẹ̀ gidi.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìgbà yẹn ni wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní bí ọjọ́ àwọn bá pé, omi kànga àwọn ni kí wọ́n fi wẹ àwọn. Èmi oníwàhálà, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Èsì tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ náà ló pa mí lẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà yẹn.

Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Ràṣídì bi mí bóyá orí mi pé, mo nu ojú, mo yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, mo ní, "Omi kànga ni wọ́n ní kí ẹ fi wẹ àwọn."

Ẹnu yà wọ́n. "Kànga tí àwọn fúnra wọn tì pa? Tí wọ́n ní ó ti bàjẹ́?"

"Ohun tí èmi náà bi wọ́n gan-an nìyẹn," mo ní. "Wọ́n ní, 'Ṣé mo sọ fún ẹ pé mo fẹ́ mu ún ni?'"